Ìwé Àṣẹ Ìlú àti Owó Ìlú: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Èkó

Ọ̀rọ̀ tí a pè yín sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni a kò wá láti sọ fún ẹnikẹ́ni ibi tí yóò tẹ̀ka sí nígbà ìdìbò. Ọ̀rọ̀ àkóso ìlú ni, àti ti ìwé tí ó fún àwọn alákòóso ní àṣẹ tí wọ́n ń lò lórí wa. Ọ̀pọ̀ ni yóò rò pé iṣẹ́ amòfin ni èyí. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ amòfin, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti etí gọ́tà.

Ní àdúgbò tí a ń gbé ní Èkó, gọ́tà kan wà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọjá. Ní ìgbà òjò kan, gọ́tà náà dí, omi sì ya wọ ilé opó kan tí ń ta aṣọ. Gbogbo ẹrù ọjà rẹ̀ ni ó bàjẹ́, ẹrù tí ó fi owó àjọ rà. A kọ ìwé, a sì mú un lọ sí ilé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì wí pé gọ́tà náà tóbi ju tiwọn lọ, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. A lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí wí pé gọ́tà náà kéré ju tiwọn lọ, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. A padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ti ìṣáájú. Wọ́n ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò sí. Nígbà náà ni a bi akọ̀wé tí ó jókòó níbẹ̀ léèrè pé, èló ni ó wọlé fún ìgbìmọ̀ yìí ní oṣù tí ó kọjá? Ó wò wá títí, ó sì fi ìrẹ̀lẹ̀ dáhùn pé, “Bàbá, láti ìgbà tí mo ti wà lórí àga yìí, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bi mí ní ìbéèrè yìí.”

Ìdáhùn rẹ̀ ni ó mú wa wá síwájú yín lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa àti àwọn ọmọ Mùsùlùmí àdúgbò ni wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà náà nígbẹ̀yìn. Ẹrù opó náà kò padà bọ̀ sípò.

I. KÍ NI ÌWÉ ÀṢẸ ÌLÚ?

Ìwé àṣẹ ìlú ni òfin tí ó sọ ìlú kan di ìlú ní ojú òfin, tí ó fi ààlà rẹ̀ hàn, tí ó sì sọ àwọn tí yóò máa ṣe àkóso rẹ̀. Bí a bá yọ èdè amòfin kúrò nínú rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń dáhùn. Èkíní, ta ni yóò jókòó ní ìgbìmọ̀, ta ni yóò sì yàn án? Èkejì, iṣẹ́ wo ni ti ìgbìmọ̀ náà, owó wo ni yóò sì fi ṣe é? Ẹ̀kẹta, ta ni yóò bi ìgbìmọ̀ náà léèrè bí ó ti ná owó náà? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí àwọn ni a ó fi wọn gbogbo ìtàn tí a fẹ́ sọ. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni èyí: ìgbàkígbà tí a bá ń tún àkóso Èkó ṣe, ìbéèrè kìíní ni a máa ń jà lé lórí, ẹ̀kẹta ni a máa ń gbàgbé, òun gan-an sì ni ó máa ń wó ilé náà lulẹ̀.

Ìlànà tí Èkó yá lò ní ayé àwọn òyìnbó wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ pẹ̀lú, àkókò kan wà tí àkóso ìlú burú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wọn, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni wọ́n ń yan ara wọn. Bí ẹnìkan bá kú, àwọn ìyókù a mú ọ̀rẹ́ wọn sí ipò rẹ̀, ohun ìní ìlú a sì dà bí ohun ìní wọn. Ní ọdún 1835 ilé aṣòfin wọn ṣe òfin tuntun fún ìlú 178. Òfin náà ní kí àwọn tí ń san owó ìlú máa fi ìbò yan ìgbìmọ̀, kí a máa yẹ ìwé owó ìlú wò, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ti so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Wọn kò fún àwọn ènìyàn ní ìbò kí wọ́n sì fi ìwé owó pamọ́ fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kí òyìnbó tó dé, Èkó kò ní ìlànà. Ọba ní àwọn ìjòyè rẹ̀ ní ọ̀wọ́ mẹ́rin: Àkárìgbèrè, Ìdẹ́jọ, Ògáládé àti Àbàgbọ̀n. Àwọn Ìdẹ́jọ ni onílẹ̀, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ àti ẹni tí ó yẹ kí a mú ẹjọ́ tọ̀ lọ. Ìlú tí ó mọ ẹni tí ọ̀ràn kàn ti ní ìdajì ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ná.

II. OWÓ OMI ÀTI ÌBÈÈRÈ ÀKỌ́KỌ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun wà lórí ọ̀sà. Láti ìgbà náà, fún ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ, Gómìnà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń pinnu ohun tí a ó ṣe ní ìgboro. Ohun tí ó mú àwọn ará Èkó béèrè àyè nínú àkóso ìlú wọn ni omi.

Ní ọdún 1908 ìjọba pinnu láti fa omi ẹ̀rọ wá sí Èkó láti Ìjù, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó rẹ̀. Omi tí ó mọ́ jẹ́ ohun rere, kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wí pé àwọn ní kànga, pé àwọn òyìnbó ni yóò jẹ èrè omi náà jùlọ, àti pé a kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kí a tó di ẹrù lé wọn lórí. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún náà láti ta ko ètò yìí. Omi náà dé ní ọdún 1915. Nígbà tí a sì ń gba owó rẹ̀ ní ọdún 1916, ìlú tún dàrú.

Ní ọdún 1917 òfin tuntun sọ Èkó di ìlú onípò kìíní, òun nìkan ṣoṣo ní gbogbo Nàìjíríà, a sì dá ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀ fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba ni ó yan gbogbo àwọn tí ó jókòó níbẹ̀. Ní ọdún 1920 a gbà kí àwọn ará ìlú fi ìbò yan mẹ́ta. Àwọn tí ó ní ilé tàbí owó tó ìwọ̀n kan nìkan ni ó lè dìbò, àwọn mẹ́ta náà kò sì lè borí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó yí wọn ká. Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ kan dání kúrò níhìn-ín. Ohun tí ó ṣí ìlẹ̀kùn náà ni pé àwọn ènìyàn rí owó tí ń kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka ṣílè lé ọwọ́ agbowó kò lè sùn títí yóò fi mọ ohun tí a fi ṣe.

III. MÉYỌ̀ KAN ṢOṢO

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí ni àtúnṣe ńlá dé. Òfin ọdún 1950 sọ pé kí gbogbo àgbàlagbà ní Èkó, ọkùnrin àti obìnrin, máa dìbò, yálà wọ́n ní ilé tàbí wọn kò ní. Ìbò ni a fi yan gbogbo àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rìnlélógún. Àwọn náà yan Dókítà Abubakar Ibiyinka Olorun-Nimbe, oníṣègùn, ní Méyọ̀. Inú ìlú dùn. Nínú àádọ́ta ọdún kò sí ìgbà tí a dáhùn ìbéèrè kìíní bí a ti dáhùn rẹ̀ ní ọdún náà.

Kò pé ọdún mẹ́ta kí ohun gbogbo tó wó. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí bí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà, a sì pe Bernard Storey, akọ̀wé ìlú Norwich ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wá ṣe ìwádìí. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1953, ó sì fi àìtọ́ hàn nínú àkóso ìgbìmọ̀ náà. Ní ìgbà náà Èkó wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nípa òfin ọdún 1951. Àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin tuntun ní ọdún 1953 kan náà: wọ́n pa oyè Méyọ̀ rẹ́, wọ́n fi Ọba Adéníji Adélé Kejì ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀, wọ́n sì mú àwọn olóyè wọlé láti bá àwọn tí a dìbò yàn jókòó. Dókítà Olorun-Nimbe ni Méyọ̀ kan ṣoṣo tí Èkó ní títí di òní.

Àwọn kan ń wí pé ìṣèlú ni ó pa ìgbìmọ̀ náà, nítorí ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè ní Ìbàdàn kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè ní Èkó. Èyí kò ṣàì ní òtítọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ìdí tí ó fi rọrùn láti wó ilé tí gbogbo ìlú fi ìbò kọ́? Àwọn àgbà ní, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. A ti fi ìbò mọ ògiri, ṣùgbọ́n a kò fi ìjíhìn ṣe ìpìlẹ̀. Àwọn tí ó dìbò ní ọdún 1950 kò ní ibì kan tí wọ́n lè jókòó sí lọ́dọọdún kí a ka ìwé owó sí wọn létí. Nígbà tí ẹ̀sùn dé, wọn kò mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ àti èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá, nítorí náà wọn kò lè gbà ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀, wọn kò sì lè bá a wí fúnra wọn. Àlejò ni ó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí onílé kò bá wò, ará òde ni yóò wò ó fún un.

IV. OWÓ TÍ Ń TI ÒKÈ WÁ

A ó sáré kọjá àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1954 a yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ó di ti ìjọba àpapọ̀; ní ọdún 1967 a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ní ọdún 1976 ìjọba ológun ṣe àtúnṣe kan náà fún gbogbo Nàìjíríà: ó sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ẹ̀ka kẹta ìjọba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín owó àpapọ̀ fún un.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ni ó wà lọ́wọ́ wa nísinsìnyí. Ó kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ 774 sílẹ̀, ogún nínú wọn sì jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìlú tí ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ń ṣe àkóso rẹ̀ ní ọdún 1950, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìkòyí, Èbúté Mẹ́ta àti Yábàá, ti pín sí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀. Òfin náà ka iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: òpópónà àti gọ́tà, iná ìgboro, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó pàǹtírí, kíkọ nọ́ńbà sára ilé, àti kíkọ orúkọ àwọn tí a bí àti àwọn tí ó kú. Ẹ wò ó dáadáa: láti ọjọ́ ìbí títí dé ibojì, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ni ìjọba tí ó súnmọ́ wa jùlọ. Ní Èkó, a ti pín ọ̀rọ̀ gọ́tà pàápàá: àwọn ọ̀nà omi ńláńlá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, àwọn kéékèèké ojú àdúgbò jẹ́ ti ìbílẹ̀. Àárín méjèèjì ni ti opó wa bọ́ sí.

Ìbéèrè kìíní kò jẹ́ kí a sinmi. Ní ọdún 2003 Ìpínlẹ̀ Èkó dá ìgbìmọ̀ 37 sílẹ̀ kún ogún ti tẹ́lẹ̀, ó di 57. Ìjọba àpapọ̀ kò gbà, ó sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó náà dúró. Ó tún sọ pé ìdásílẹ̀ àwọn 37 náà kò tíì pé títí àwọn aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe apá tiwọn. Láti ìgbà náà a ń pè wọ́n ní àgbègbè ìdàgbàsókè.

Ẹ wá wo ibi tí owó ń gbà. Òfin ìpìlẹ̀ ní kí ìpín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gba inú àpò àjùmọ̀ní kan tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú, kí a sì pín in láti ibẹ̀. Ní ibi púpọ̀, ohun tí ó wọ inú àpò náà kì í jáde bí ó ti wọlé. Owó ilé pẹ̀lú, tí òfin ìpìlẹ̀ fi sí ọwọ́ ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ ni ó ń gbà á ní Èkó láti ìgbà tí òfin owó ilẹ̀ ti ọdún 2001 ti dé. Nítorí náà ará Èkó kan lè gbé ayé rẹ̀ títí láìka náírà kan lé ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ rẹ̀, yàtọ̀ sí owó ìsọ̀ ọjà. Owó ńlá náà ń ti Abuja wá, láti ara epo àti owó orí ọjà, kò sì gba ojú wa kọjá.

Ìyàtọ̀ àwa àti àwọn baba wa ti ọdún 1916 nìyí. Àwọn rí owó wọn tí ń lọ, wọ́n pariwo. Àwa kò rí tiwa, a dákẹ́. Ewúrẹ́ àjọní ni ebi ń pa: kì í ṣe nítorí pé koríko kò sí, bí kò ṣe pé olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì ti bọ́ ọ. Owó epo náà jẹ́ tiwa bí ṣílè owó omi ti jẹ́ ti àwọn baba wa.

V. ÀTÚNṢE TÍ Ó YẸ

Àwọn kan ń wí nísinsìnyí pé kí a dá oyè Méyọ̀ padà; àwọn mìíràn ní kí a pọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké pọ̀; àwọn mìíràn sì ní kí a tún wọn pín sí i. A kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín kí ẹ ṣàkíyèsí pé ìbéèrè kìíní ni gbogbo rẹ̀. Èkó ti dán Gómìnà wò, ó ti dán Méyọ̀ wò, ó ti dán Ọba ní ipò ààrẹ wò, ó ti dán alága wò. Oyè tuntun kò lè kó ẹrẹ̀ gọ́tà bí kò bá sí ẹni tí yóò bèèrè iye tí a fi kó o.

Ohun mẹ́ta ni a rí pé ó yẹ. Èkíní, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, àdúgbò dé àdúgbò, ẹni tí ó ni gọ́tà kọ̀ọ̀kan àti òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìgbìmọ̀. Ìwé àṣẹ tí kò sọ ẹni tí ọ̀ràn kàn ti fún gbogbo ènìyàn ní àwáwí. Èkejì, kí ọwọ́ tí ń pinnu, ọwọ́ tí ń náwó, àti ọwọ́ tí ń yẹ ìwé wò má ṣe jẹ́ ọwọ́ kan náà. Ìjọ tí ó kéré jùlọ láàrin wa mọ èyí: akápò kì í yẹ ìwé ara rẹ̀ wò, bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó. Ẹ̀kẹta, kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ka ìwé owó rẹ̀ ní gbangba lọ́dọọdún, ní èdè tí ìyálọ́jà àti awakọ̀ gbọ́, kí wọ́n sì lè bèèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àkókò náà sì ti dé tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi lè dúró mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ tààrà fún wọn, pé kí ìpínlẹ̀ má ṣe dì í mú mọ́, àti pé àwọn tí a dìbò yàn nìkan ni ó tọ́ kí ó wà lórí àga. Ìdájọ́ ńlá ni. Ó dáhùn apá kan ìbéèrè kejì fún wa. Ṣùgbọ́n bí owó bá kúrò ní ọwọ́ ìpínlẹ̀ tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ alága tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè, a kàn ti mú ẹrù láti orí kan lọ sí orí mìíràn ni. A ti rí ìgbìmọ̀ tí ìlú yàn tìlù-tìfọn tí kò pé ọdún mẹ́ta. Ìtàn náà lè tún padà wá.

Kò sì sí ẹni tí ó lè wí mọ́ pé àwọn kò ní àṣẹ láti bèèrè. Òfin ọdún 2011 fún ọmọ Nàìjíríà gbogbo ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìwé béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, láìsọ ìdí tí ó fi béèrè, kí a sì dá a lóhùn láàrin ọjọ́ méje. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ di mímọ̀ pé òfin náà kan gbogbo ẹ̀ka ìjọba, kì í ṣe ti àpapọ̀ nìkan. Ìwé kan ṣoṣo ni ó gbà, bébà kan àti orúkọ ẹni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, a kò ní kí ẹ lọ jà. Ohun tí a bẹ̀ yín fún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, gbé ìwé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ wọn ní oṣù tí ń bọ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: èló ni ó wọlé, kí ni a fi ṣe? Bí wọn kò bá dáhùn, kí àwọn mìíràn tún lọ ní oṣù kejì. Àwa ti kọ tiwa, a sì ti mú un lọ fún akọ̀wé ọjọ́ sí. Ó gbà á, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. A ń retí ọjọ́ tí yóò sọ fún ẹlòmíràn pé òun kò rántí iye àwọn tí ó ti wá bèèrè mọ́.